Kí A Tó Ra Páànù Tuntun, Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Igi Òkè Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ òrùlé ilé ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí pé, kí ló pa ètò àgbẹ̀ pọ̀ mọ́ òrùlé? Ẹ fara balẹ̀ ná. Níbo ni ẹ kó àgbàdo tí ẹ ya lọ́dún yìí sí? Níbo ni àpò kòkó máa ń wà kí ẹni tó fẹ́ rà á tó gbé òṣùwọ̀n dé? Abẹ́ òrùlé kan náà tí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ń sùn sí ni. Bí òrùlé yẹn bá ti gbó, làálàá ọdún kan gbáko wà lọ́wọ́ òjò alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé tí bàbá mi kọ́ sí ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀, ni mò ń gbé. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Páànù tí wọ́n fi bò ó nígbà náà nípọn débi pé ọmọ kékeré kò lè dá gbé ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2014, páànù náà ti pọ́n bí erùpẹ̀ ojú títì, ó sì ń jò níbi mẹ́ta mẹ́rin. Mo gba owó yíyá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa, mo lọ sọ́jà, mo ra páànù tuntun. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n wo bó ṣe ń dán. Mo wò ó, ó ń dán lóòótọ́. Káfíńtà dé, ó wo òkè láti ilẹ̀, ó ní àwọn igi ṣì lágbára, kí a má wulẹ̀ náwó lé wọn lórí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé owó ti ń tán lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi parí iṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò kí mi kú oríire, ilé ń kọ mànà láti ọ̀nà jíjìn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, òjò àkọ́rọ̀ gbé ìjì dání dé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jà. A gbọ́ ariwo kan gbàràgàdà, a gbójú sókè, ojú ọ̀run ni a rí. Ìhà kan òrùlé ti fò lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò wa. Ọlọ́run ló yọ wá tí kò já lu ènìyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo lọ wò ó, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ títí di òní. Ìṣó kò yọ kúrò lára páànù. Páànù kò sì yọ kúrò lára igi. Igi gan-an ló ṣẹ́. Ó ṣẹ́ níbi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán tó ku èèpo lásán. Mo fi ọwọ́ fún un, ó di lẹ́búlẹ́bú.

Àpò àgbàdo 11 tí mo tò sí yàrá abẹ́ ibẹ̀ ni omi wọ̀. A sá a, a tún un sá, ó bu náà ni. Mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí a fi bọ́ adìyẹ, nítorí pé májèlé tí àgbàdo tó bu máa ń ní nínú, sísá kò mú un kúrò, sísè kò sì mú un kúrò. A gbẹ́ ilẹ̀, a bò ó mọ́lẹ̀. Owó ẹgbẹ́ tí mo yá sì ku oṣù 8 kí n tó san án tán! Mò ń san owó òrùlé tí kò sí lórí ilé mọ́. Mi ò dá ẹni tó ta páànù lẹ́bi tán, mi ò sì dá káfíńtà lẹ́bi tán. Èmi onílé ni mi ò gun àkàbà.

Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé lápá ọ̀dàn, ewé gbòdògì àti imọ̀ ọ̀pẹ lápá igbó. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ wà, nínú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń di koríko wá fún Aláàfin kí a lè fi bo ààfin. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé òrùlé koríko kì í jẹ́ kí onílé gbàgbé òun. Ọdún kan kì í lọ, méjì kì í lọ, kí ẹnìkan má gòkè. Bó bá gòkè, á rí igi tó jẹrà, á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i. Nígbà tí owó kòkó wá mú páànù dé ọ̀dọ̀ wa, a sinmi. Páànù náà sì gbìyànjú. Òmíràn lo 30 ọdún, òmíràn lo 50. Ẹni tó bá gun Láyípo ní Òkè Ààrẹ ní Ìbàdàn, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 yẹn, tó bojú wo ìsàlẹ̀, á rí páànù pípọ́n lọ súà. Àwọn àlejò a máa yà á ní fọ́tò, wọ́n ní ó lẹ́wà. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: nínú gbogbo ilé wọ̀nyẹn, mélòó ni ẹnìkan ti gòkè rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá? Nítorí pé bí páànù ti ń pọ́n tí gbogbo ayé ń rí i, bẹ́ẹ̀ ni igi abẹ́ rẹ̀ ń kú tí ẹnikẹ́ni kò rí i.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń sọ páànù di ògbó. Irin ni páànù. Síǹkì ni aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un kí omi má bàa kan irin náà. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ yẹn bá ṣì wà lára rẹ̀, ìpẹtà kò rí àyè wọlé. Bí aṣọ náà bá gbó tán, irin di ẹran ìjẹ fún òjò. Kì í pọ́n káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà o. Ìdí ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí páànù kan ti gun èkejì, nítorí pé omi a máa há síbẹ̀. Bí igi máńgòrò bá na ẹ̀ka sórí ilé, ewé á máa dà sílẹ̀ lórí òrùlé, ewé á di ìdọ̀tí, ìdọ̀tí á mu omi, páànù ibẹ̀ kò ní gbẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Ẹ gé ẹ̀ka náà, kí ẹ sì gbá ewé kúrò. Òkè ilé ìdáná náà a máa tètè lọ, nítorí ẹ̀fin tó ń lẹ̀ mọ́ inú páànù. Àṣà kan sì wà tí inú mi kì í dùn sí, èyí tí a fi ń to òkúta, búlọ́ọ̀kù àti táyà ọkọ̀ lé òrùlé kí ìjì má bàa ká a. Abẹ́ òkúta yẹn gan-an ni omi máa ń sùn sí, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lu. Bí ìjì bá sì wá borí, òkúta yẹn ni yóò já lu ọmọ ẹni.

Nísinsìnyí, báwo ni a ṣe ń yẹ òrùlé wò? Òjò àrọ̀kúrò tó ń rọ̀ lọ́wọ́ yìí, ọ̀rẹ́ wa ni lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó tó dáwọ́ dúró, ẹ jẹ́ kó fi ibi tó ń jò hàn yín. Bí omi bá ti ń kán, ẹ fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ tàbí ara ògiri níbi tó kán sí. Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán tí oòrùn mú dáadáa, ẹ gbé àkàbà, ẹ wọ inú àjà, kí ẹ ní kí wọ́n pa fèrèsé àti ilẹ̀kùn dé. Gbogbo ihò tó wà lára páànù ni yóò máa tàn bí ìràwọ̀. Ẹ sàmì sí wọn. Kó má ṣe yà yín lẹ́nu bí ihò kò bá sí lókè ibi tí omi ń kán sí gan-an. Omi a máa wọlé níbi kan, a tọ ara igi lọ jìnnà, kó tó wá já sílẹ̀. Àwọn tí kò mọ èyí ni wọ́n ń lẹ ibi tí kò lu, tí wọ́n á wá ní òrùlé àwọn ń ṣe àjẹ́. Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ yín nínú àjà o. Orí igi ni kí ẹ máa tẹ̀, ẹ má ṣe tẹ páálí.

Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ láì yẹ igi wò. Ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ti tó. Ẹ fi gún igi náà, pàápàá níbi tí orí rẹ̀ ti wọ inú ògiri tàbí tó sùn lé ògiri, nítorí ibẹ̀ ni ikán ti máa ń gòkè wá. Bí igi bá le, ọ̀bẹ kò ní wọlé ju díẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ̀ọ̀ bí ẹni gún iṣu sísè, igi yẹn ti kú. Ẹ tún fi ìdí òòlù kàn án. Èyí tó yè á dún kọ́kọ́, èyí tí ikán ti jẹ á dún bí akèrègbè òfìfo. Ẹ wo ara ògiri pẹ̀lú, bóyá ẹ ó rí ọ̀nà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ikán mọ láti ilẹ̀ lọ sókè. Bí ẹ bá rí i, ẹ má kàn fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ tọ̀ ọ́ délẹ̀, kí ẹ wá orísun rẹ̀, nítorí igi tuntun tí ẹ bá gbé sókè, oúnjẹ tuntun ni lójú ikán tó ṣì wà nílẹ̀.

Ẹlòmíràn á wá bèèrè pé, ṣé kí n tún un ṣe ni, tàbí kí n ṣí gbogbo rẹ̀? Mo ní ìdáhùn kan tí mo fi ń díwọ̀n. Bí igi bá yè, tó jẹ́ pé ìdí ìṣó àti ibi díẹ̀ ló lu, àtúnṣe ni. Ẹ yọ ìṣó tó ti tú, ẹ má kàn án padà sínú ihò àtijọ́. Ẹ lo ìṣó onírẹ́rẹ́ tó gùn jù ú lọ, tó ní wáṣà àti rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀. Ihò kékeré, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò títí ojú irin yóò fi hàn, kí ẹ kun ọ̀dà dúdú sí i, kí ẹ tẹ́ aṣọ òwú lé e, kí ẹ tún kun ọ̀dà sórí aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, ọ̀dà kì í mú ara páànù tútù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbe omi òjò mu láti orí òrùlé, ẹ má ṣe kun ọ̀dà sí ìhà tí omi náà ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ páànù tó sì wọlé, tàbí tí ihò inú àjà ti pọ̀ ju ohun tí ẹ lè kà, ẹ má fi owó ọ̀dà ṣòfò. Páànù yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Bí igi bá sì ti kú, bí páànù orí rẹ̀ tilẹ̀ ń dán bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àtúnṣe páànù kò kàn yín, igi ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá.

Lórí ọ̀rọ̀ igi, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Ìrókò àti apá le fún ikán àti fún ìjẹrà, ṣùgbọ́n owó wọn pọ̀. Àfàrà rọrùn láti rí, ó sì rọrùn láti kàn, àmọ́ ikán fẹ́ràn rẹ̀, kò gbọdọ̀ gòkè láì mu oògùn igi. Ìrókò pàápàá, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: ibi tó funfun létí igi kò ní agbára tí àárín rẹ̀ ní, kòkòrò a máa jẹ ẹ́. Àwọn oníṣòwò pákó mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n a sì máa kó èyí tó funfun pọ̀ mọ́ èyí tó dára. Ẹ ṣà á lójú wọn, ẹ má tijú. Ẹ má sì ra igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lóde òní kí ẹ kàn án lóde ọ̀la. Bó bá gbẹ lókè, á sún kì, á wọ́, ìṣó á sì tú. Ẹ rà á ṣíwájú, kí ẹ tò ó sí ibòji, kí ẹ fi igi kéékèèké ya wọn nípa kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá. Ibi tí ayùn bá gé ni kí oògùn mu jù lọ. Àwọn kan ń fi ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò kun igi. Mi ò gba ẹni tó ń kó kòkó sílé níyànjú bẹ́ẹ̀. Kòkó a máa fa òórùn mọ́ra, òórùn ọ́ọ̀lì lè ba àpò kòkó jẹ́ bí omi ti lè bà á jẹ́. Oògùn igi pàápàá, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí òórùn rẹ̀ lọ kí ẹ tó kó oúnjẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ apá kan igi gígùn ló jẹrà, ẹ gé ibi tó jẹrà sọnù, kí ẹ wá kan igi tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó kù, kó sì gùn dáadáa kọjá ojú ibi tí ẹ gé. Kíkan pákó péńpé bo ojú egbò, ẹ̀tàn ni.

Ó kan páànù fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣòwò a máa pe géèjì: géèjì 26, 28, 30, 32, 34. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ḿbà ńlá tàn yín jẹ. Bí nọ́ḿbà bá ti ń ga sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i. Géèjì 34 ni ọmọdé ń fi ọwọ́ tẹ̀ bí páálí. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sára páànù àti ohun tí páànù jẹ́ lè yàtọ̀, ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ń lo ohun tó wà nílẹ̀ fún wa. Òṣùwọ̀n kòkó ni. Ìwọ̀n irin kì í purọ́. Pẹlẹbẹ irin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.4, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 0.9 kí wọ́n tó ká a, bí nínípọn rẹ̀ bá jẹ́ mìlímítà 0.2, yóò wọ̀n tó kìlógíráàmù 3.4. Bó bá jẹ́ mìlímítà 0.3, yóò wọ̀n tó kìlógíráàmù 5. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bí ìdì méjì bá gùn bákan náà, tí iye páànù inú wọn dọ́gba, tí ọ̀kan wá fúyẹ́ ju èkejì, ẹ ti mọ èyí tó fẹ́lẹ́. Ká ní mo ti gbé páànù ti ọdún 2014 yẹn sórí òṣùwọ̀n ni, ì bá ti sọ òtítọ́ fún mi kí n tó sanwó.

Àwọn tó lágbára lè ra alumíníọ̀mù, kì í dípẹtà bí irin. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Kò fẹ́ kí irin lásán fara kàn án nínú ọ̀rinrin, nítorí náà ẹ má fi ìṣó irin lásán kàn án, ẹ má sì fi páànù alumíníọ̀mù mẹ́ta mẹ́rin lẹ àárín páànù irin àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì tútù a máa jẹ ẹ́. Bí bíríkìlà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nílé, kó parí tirẹ̀ kí alumíníọ̀mù tó gòkè.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni ó yẹ kó tètè yé bí a ṣe ń kan páànù, nítorí pé ojú páànù kò yàtọ̀ sí oko tí a kọ ebè sí. Òkè rẹ̀ ni ebè, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni poro. Níbo ni omi máa ń gbà nínú oko? Inú poro ni. Nígbà náà, ta ni yóò wá lu ihò sínú poro? Orí ebè ni ìṣó ń gbé. Síbẹ̀ mo ti rí káfíńtà tó ń kàn án sínú poro nítorí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ igi. Bí páànù bá gun èkejì ní ẹ̀gbẹ́, kó gùn ún tó ebè kan àbọ̀ ó kéré tán, méjì dára jù. Bó bá gùn ún lórí, láti òkè wá sísàlẹ̀, kó tó ínǹṣì 6. Bí òrùlé bá tẹ́jú tí kò dagun púpọ̀, kó tó ínǹṣì 9, kí omi má bàa fà padà wọlé.

Ẹ wo ibi tí ìjì máa ń ti wá pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìjì òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń ti ìlà oòrùn jà wá sí ìwọ̀ oòrùn. Nítorí náà, ìhà ìwọ̀ oòrùn ni kí káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ páànù lọ sí ìlà oòrùn, kí etí páànù tó wà lókè lè kẹ̀yìn sí ìjì. Bó bá ṣe é ní òdìkejì, ìjì á rí ètè páànù dì mú. Etí òrùlé àti ṣóńṣó rẹ̀ ni ìjì ń kọ́kọ́ fà, ibẹ̀ ni kí ìṣó pọ̀ sí jù, lórí ebè kejì kejì. Àwọn igi tí páànù ń sùn lé, bí páànù bá fẹ́lẹ́, kí wọ́n má jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, tí ó sì jẹ́ pé òun ni a máa ń fò, ni dídè mọ́ ògiri. Òrùlé tó kàn jókòó lórí ògiri dà bí fìlà. Ẹ fi wáyà tó nípọn tàbí ọ̀já irin di igi mọ́ ògiri, kí wáyà náà sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ògiri dáadáa. Bó bá jẹ́ ògiri amọ̀, ẹ jẹ́ kó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì rí i pé àwọn kan ń gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà lé òrùlé àtijọ́ láyé ìsinsìnyí. Kò burú, àmọ́ ẹ yẹ igi wò ná. Ẹrù tuntun ni, ihò tuntun sì ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí òrùlé yín kì í ṣe páànù onírin. Ní àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1980, wọ́n fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì bo ọ̀pọ̀ ilé àti ilé ẹ̀kọ́. Ó jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó nípọn, bó bá já lulẹ̀ á fọ́ bí àwo. Eruku rẹ̀ ló léwu. Bí ènìyàn bá ń fà á símú, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn náà tó hàn, tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí òrùlé mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló lè fa jẹjẹrẹ. Bí òrùlé náà bá ṣì dá ṣáká, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ẹ ó bá ṣí i, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má jù ú sílẹ̀ láti òkè. Ẹ bu omi rin ín, ẹ gbé e ní odindi, kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Aṣọ tí a fi bo imú lásán kò tó láti dí eruku rẹ̀, ìbòmú tí a ṣe fún eruku kíkúnná ni kí òṣìṣẹ́ lò. Ẹ fi ọ̀rá dì í, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí odò àti kànga. Àfọ́kù rẹ̀ tí a fi ń dí kòtò ojú ọ̀nà, tí a fi ń ṣe ilé adìyẹ, kò dára rárá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Lẹ́yìn ìjì 2016, mi ò lè tún yá owó ńlá mọ́, onídùúró mi pàápàá ti ń yẹra fún mi. Ọ̀ràá ni a fi bo ìhà yẹn kọjá ìgbà òjò ọdún náà. Nígbà tí owó kòkó wọlé, mo jókòó, mo kọ ìwé ìnáwó. Ní ọdún 2014, páànù ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù ni igi pín. Lọ́tẹ̀ yìí, igi ni mo kọ́kọ́ kọ, oògùn igi tẹ̀lé e, ìṣó àti wáyà tẹ̀lé e, owó káfíńtà tẹ̀lé e, páànù ló kẹ́yìn. Ohun tó kù fún páànù kò tó bo gbogbo ilé. Mo ní kò burú. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìhà tí ìjì ká nìkan ni mo ṣe, láti etí dé ṣóńṣó, mo ṣe é ní àṣepé. Ìhà kejì, tí igi rẹ̀ ṣì gún ọ̀bẹ padà, mo tún ìṣó rẹ̀ kàn, mo fi ọ̀dà lẹ ojú ihò, ó di ọdún 2018 kí n tó ṣí i. Ó tẹ́ mi lọ́rùn láti bo ìlàjì ilé dáadáa ju kí n bo gbogbo rẹ̀ fún ìjì lọ.

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún ni a jọ ra páànù lọ́dún 2017. Rírà papọ̀ mú kí ẹni tó ń tà á dín owó díẹ̀, ṣùgbọ́n èrè tó wà níbẹ̀ ju ti owó lọ: a gbé òṣùwọ̀n lọ, ojú márùn-ún ló sì wò ó. Mo rọ ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó yíyá nínú ẹgbẹ́, bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ̀wé béèrè owó òrùlé, kí ẹ bi í pé igi ńkọ́. Kí ẹni méjì bá a gun òkè lọ wò. Kì í ṣe ìtojúbọ̀ o. Owó gbogbo wa ló ń gòkè yẹn, bí ìjì bá ká a, àti san án yóò nira fún un. Ẹ jẹ́ kí àsìkò sísan náà bá àsìkò kòkó tàbí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mu, kó má lọ ta àgbàdo ní ẹ̀dínwó láti fi san owó oṣù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́, ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹyọ kòkó 100 tí a bá là wò, bí èyí tó bu bá ti ju 3 lọ, kò lè jẹ́ gíréèdì kìíní mọ́. Ihò ìṣó kan tó ń kán sórí àpò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún kòkó ogún ènìyàn.

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì ni àsìkò iṣẹ́ náà. Ẹ má dúró di oṣù kẹta. Àwọn káfíńtà kò ní ráyè, pákó á ti gbówó lórí, ìjì á sì ti wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ kan igi ní oṣù kìíní, kó ra pákó rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kó lè ráyè gbẹ. Fún ọ̀sẹ̀ yìí ná, ẹ wá ẹfun, kí ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ yín lè tètè tó o, nítorí pé òjò àrọ̀kúrò lè má rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta lọ mọ́. Ẹ yá àkàbà lọ́wọ́ aládùúgbò bí ẹ kò bá ní. Ó dìgbà kan ná o.